Ìyá Alága Nínú Pálọ̀ Kánsù

N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àrámọ̀kọ lọ sí Ìjerò rí ti gba ibẹ̀ kọjá, bóyá ó tilẹ̀ ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ alága ṣì wà láàyè, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n, wọn kò fi ibì kankan jọ bàbá wọn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe fi orúkọ pamọ́, kì í ṣe nítorí tirẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìbàdàn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ pé kí n máa gbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí kánsù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán ni. Ọkọ mi wà nílùú òyìnbó, ó ń kàwé, tàbí kí n kúkú sọ pé ó ń kọ̀wé sí wa pé òun ń kàwé. Ìyá mi ló bá mi lọ láti Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí pé iṣẹ́ náà ní ilé nínú, ilé onípáànù, onísìmẹ́ńtì. Ilé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà á. Ìyá mi ti ń dàgbà, ilé tí bàbá mi kọ́ sílẹ̀ fún wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán, ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí òjò kì í wọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi sùn níbi tó gbẹ kí ó tó kú. Kò sí ohun mìíràn tí mo bá wá sílùú yẹn.

Àwọn ilé kánsù wà lórí òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n tò wọ́n kọjú sí títì. Àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ wọn fún: èmi, tíṣà, akọ̀wé kánsù, wolé-wolé àti àwọn bíi tiwa. Bí èèyàn bá ń wò wọ́n láti inú mọ́tò, wọ́n wu ojú. Ọ̀dà funfun ló wà lára wọn, fèrèsé wọn sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí o bá rìn yí wọn po, o máa rí i pé ọ̀dà náà dúró sí igun ilé. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ṣì wà bí bíríkìlà ṣe fi wọ́n sílẹ̀, kódà àmì ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo bi alága léèrè ohun tó fà á. Ó ní mínísítà kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Alága tí mò ń wí yìí ni olórí Ìgbìmọ̀ Ilé. Kánsù ló yan ìgbìmọ̀ náà láàárín ara wọn kí wọ́n máa bójú tó àwọn ilé ọ̀hún, kí wọ́n máa pín wọn fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa tún wọn ṣe. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan nínú ìlú ló ní ẹnìkan níbẹ̀. Ìjà ti wáyé nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé náà, torí pé gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ilé ìjọba gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tiwọn. Nígbà tó di pé orí òkè kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa wà, wọ́n pín àwọn ilé náà láàárín ara wọn. Bí ó ṣe di pé ilé tí mò ń gbé jẹ́ ti àdúgbò ìsàlẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ará àdúgbò ìsàlẹ̀ kankan tó ń sùn níbẹ̀. Ilé tíṣà jẹ́ ti àdúgbò ọjà. Wọ́n sì ṣe òfin kan tí wọ́n dì mú bí ẹni di ìwé mímọ́ mú: ohun tí a bá ṣe sí ilé kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí gbogbo rẹ̀, kí àdúgbò kan má bàa sọ pé wọ́n fojú di òun.

Ẹ gbọ́ bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wolé-wolé jábọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e, wọ́n ní kò burú, kí wọ́n ra ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìdáná gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀kùn tuntun, títí kan àwọn tí tiwọn le koko. Owó kò tó. Wọ́n tún jókòó. Lẹ́yìn ìjókòó yẹn ni wọ́n rán káfíńtà wá, inú gbogbo wa sì dùn, àfi ìgbà tí a rí i tó ń yọ ilẹ̀kùn gbogbo ilé ìdáná tó kù. Ó ní wọ́n ní kí gbogbo ilé dọ́gba. Wọ́n kó àwọn ilẹ̀kùn náà lọ sí abúlé alága kí wọ́n má bàa sọnù. Láti ọjọ́ yẹn, ewúrẹ́ ló ń bá wa jẹ ẹ̀fọ́ kí a tó sè é.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń wá wo ilé dáadáa. Wọ́n á ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn àgbà ń bọ̀ wá wo ilé, ìyẹn ni pé kí a gún iyán sílẹ̀. Alága á fi ọ̀pá rẹ̀ lu ògiri, á tẹ́tí sí i, bí ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà Ìpótì. Á ní, "Ó dúró." Àwọn yòókù náà á ní ó dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti iyán. Wọn kì í gbójú sókè wo òrùlé, torí pé ìsàlẹ̀ ni ọbẹ̀ wà.

Ilé kan wà ní ìparí ìlà náà tó ju tiwa lọ. Wọ́n kọ́ ọ fún dókítà. Dókítà kò wá rí, kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí alága, torí ọwọ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní òun ń bá dókítà ṣọ́ ọ ni. Kò sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ nínú ìlú. Ọ̀sán ló máa ń wá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mu ẹmu, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá lójú títì, àwọn tó ń kọjá náà á sì máa kí wọn kú iṣẹ́ ìlú.

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn ló fi ilé mi hàn mí. Bó ṣe ń rọ̀ lóde ló ń rọ̀ nínú yàrá ìyá mi. A sún ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bá wa níbẹ̀. A gbé e lọ sí pálọ̀, pálọ̀ náà ń jò. Nígbà tó yá, àga ni ìyá mi ń jókòó lé sùn, ó gbé bàsíà lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí omi máa kán sínú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, á wo òkè, á ní, "Eji ọ̀hún tún ti dé o." Kì í sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ilé bàbá mi tí mo mú un kúrò nínú rẹ̀ sàn jù ú lọ, ṣé ẹ rí i, torí pé ibì kan wà níbẹ̀ tí kì í jò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ wá wo ilé. Wọ́n jókòó nínú pálọ̀ mi, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé. Ó kọ́kọ́ kán sí etí àwo, ó wá kán sáàárín ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo wò ó, inú mi dùn, mo ní ọjọ́ rèé tí wọ́n máa fojú ara wọn rí i. Alága fa àwo ọbẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì ń jẹ lọ. Òmíràn nínú wọn ṣí àga rẹ̀ tẹ̀ lé àwo. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, alága ní ilé náà dúró.

Mo ní, "Bàbá, ó ń jò."

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò sí ulé tí kì í jò díẹ̀díẹ̀."

Mo ní ìyá mi kò rí ibi sùn. Mo ní páànù díẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀.

Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó mi orí. "Bí a bá kan páànù mọ́ ulé tìrẹ, kí la fẹ́ wí fún àdúgbò òkè? Kí la fẹ́ wí fún àdúgbò ọjà? Ulé kánsù kì í ṣe ulé bàbá ẹnìkan. Páànù pàápàá ti tán. Ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò."

Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní páànù ṣẹ́kù rẹpẹtẹ nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé náà tán, ojú òun ni akọ̀wé kánsù ṣe fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí olè má bàa jí wọn. Sítọ́ọ̀ kánsù ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan rántí pé sítọ́ọ̀ kánsù ń jò. Kí páànù má bàa dípẹtà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé tí alága ń kó kòkó sí. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó ronú pé kí wọ́n fi díẹ̀ nínú páànù náà bo sítọ́ọ̀ ni? Tíṣà ní ìgbìmọ̀ kò tíì yẹ ìyẹn wò.

Mo padà lọ bá alága lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní páànù ti tán. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí àyà rẹ̀ ń dún bí ẹni ń ya aṣọ, mo lọ bá a lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé dókítà, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ìyá mi máa sùn nínú pálọ̀ ilé náà títí òjò ọdún yẹn á fi lọ. Mo ní bí dókítà bá dé, màá gbé e jáde lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ulé dókítà ni. Bí ó bá dé bá arúgbó lórí ẹní ńkọ́? Kí ló fẹ́ pe ìlú wa?"

Mo ní á pè yín ní ìlú tó ní àánú. Ó bínú. Ó ní ẹnu àwa ará Ẹ̀fọ̀n ti pọ̀ jù, pé nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kò fi ìgbà kan sọ pé ilé ń jò. Òótọ́ ni. Kò pé oṣù kan níbẹ̀ tó fi sá lọ.

Àyà ìyá mi kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ló pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn débi pé, bí àwọn ìyàwó rẹ̀ bá ń rọbí, mo ní láti mí kanlẹ̀ kí n tó wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìgbà tó yá, àwọn ológun gbàjọba. Wọ́n tú kánsù ká. Ọ̀gá kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọmọdékùnrin lójú tèmi, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó ní òun nìkan ni kánsù báyìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí gbogbo kánsẹ́lọ̀ dá ohun ìjọba tó wà lọ́wọ́ wọn padà, àti pé kí ẹni tó bá wà nínú ilé kánsù láìṣe òṣìṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń bá wí. Ara alága kò balẹ̀ mọ́. A ń rí i tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí ilé dókítà, ó ń wo ògiri, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìyá rẹ̀ kú. Mo mọ ìyá náà dáadáa. Ọmọ Ìdó-Ilé ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń wá sílé ìgbẹ̀bí kì í ṣe torí àìsàn, bí kò ṣe torí pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ kan òun lára. Ibi tí wọ́n máa sin ín sí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ó ti fi hàn mí rí nínú ilé ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú oórì ọkọ rẹ̀ gan-an, ó tilẹ̀ máa ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀. Ó ní ọkọ òun kì í fẹ́ kí òun pẹ́ lóde.

Alága gbé e lọ sí ilé dókítà. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ pálọ̀. Àwọn ọmọ ìyá náà lóbìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò alága, dé bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, igbe sọ. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí ọ̀nà ìlú, ó ń kígbe pé, "Yèyé lí ulé! Yèyé lí ulé ọkọ! Kí ló fẹ́ ṣe lí ulé kánsù?" Alága ní ìyá òun ló sọ fún òun, òun nìkan, kí ó tó dákẹ́, pé nínú ilé ọmọ òun lòun fẹ́ sùn. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Káfíńtà tó kan pósí kò gbà á gbọ́, olùkọ́ni ìjọ tó ka àdúrà náà kò gbà á gbọ́, ó kàn di ojú pinpin kí ó má bàa rí ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Àwa òṣìṣẹ́ dúró lójú fèrèsé, a ń wò. Wọ́n bò ó, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e, wọ́n sì dán an títí ó fi ń kọ mànà. Òun ni iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo rí kí wọ́n ṣe sí ilé kánsù láti ọjọ́ tí mo débẹ̀.

Alága jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ara rẹ̀. Ó ní, "Kí n wá rí ẹni tó máa lé yèyé mi jáde."

Bó ṣe rò ó nìyẹn, èèyàn ò sì lè sọ pé kò ronú. Ní ilẹ̀ wa, ibi tí wọ́n bá sin ìyá ẹni sí ti di ti ẹni. Kò sí ìjọba tó máa hú òkú àgbà obìnrin kan láàárín ìlú Èkìtì tó sì máa rí ẹni bá a gbé ṣọ́bìrì. Kò sì sí òṣìṣẹ́ tó máa gbà kí òun máa tẹ́ tábìlì oúnjẹ lórí ìyá ẹlòmíràn. Ilé náà á dúró báyìí títí ayé, á sì máa jẹ́ ti ẹni tí òkú inú rẹ̀ bí.

Ọ̀gá dé ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Wolé-wolé mú un wọ pálọ̀. Ó dúró lórí ìloro, ó wo sìmẹ́ńtì dídán náà, ó wo alága tó jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kí alága kú àṣẹ̀yìndè, ó jáde. Ó pe gbogbo wa jọ síwájú ilé, ó ní, "Ilé yìí ṣófo. Ta ló fẹ́ ẹ?"

Alága ní kò ṣófo, ìyá òun wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Mo gbọ́, bàbá. Èmi ò ní kí ìyá kúrò. Mo ní ta ló máa bá wọn gbé."

Akọ̀wé ní ìyàwó òun lóyún, ẹ̀rù á máa bà á. Tíṣà ní ìjọ òun kò fọwọ́ sí i, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí ìjọ kan náà là ń lọ. Wolé-wolé kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo ojú alága, mo rí i tí ẹ̀rín ń bọ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sáré lọ bá ìyá mi nílé. Ó wà lórí àga rẹ̀, bàsíà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò bo ọ̀kan mọ́. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, ó ní ṣé yàrá ibẹ̀ gbẹ? Mo ní ó gbẹ, pálọ̀ nìkan ni wọ́n sin òkú sí.

Ó ní, "Àgbà obìnrin tó ń sùn jẹ́ẹ́ nínú ulé. Èmi náà fẹ́ sùn. Kí la fẹ́ jà sí?"

Mo padà lọ sọ fún ọ̀gá pé èmi fẹ́ ẹ, ọ̀sán ọjọ́ náà la sì kó wọ ibẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ ní pálọ̀ kí ó tó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí yàrá, ó kí onílé. Ó ní òun ni ará Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n ní kí ó má wá, òun ti dé. Ó sùn lọ́jọ́ yẹn lórí ìdùbúlẹ̀ gidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà tààrà, ó sì ń hanrun débi pé mo sunkún.

Alága kò ronú kan ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ilé wọn. Òkú ìyá wọn kò sí nílé bàbá wọn, ilé nọ́ọ̀sì ló wà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí i, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá, wọ́n á sì kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi á ṣílẹ̀kùn fún wọn, á fún wọn lómi. Ó ń gbá ojú oórì náà láràárọ̀, ó ń nù ún, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó bá ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ń sọ fún un ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń bínú sí ẹnìkejì rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n alága obìnrin fi ń pe ìyá mi ní yèyé. Alága nìkan ni kò wá. Ó ń gba ojú títì kọjá, á wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti máa ń mu ẹmu tẹ́lẹ̀, á rí aṣọ ìyá mi tí a sá síbẹ̀, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé. Ilé dókítà náà ń jò. Ta ló máa mọ̀ tẹ́lẹ̀? Alága kò sùn níbẹ̀ rí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jókòó sí ni iwájú ilé, iwájú ilé sì ni gbogbo ìtọ́jú ń lọ. Yàrá gbẹ, bí mo ṣe sọ fún ìyá mi. Pálọ̀ ni kò gbẹ. Ibi tó ti ń jò kò yẹ̀ rárá, orí ìyá alága gan-an ni, ó ń kán tó, tó, tó sórí sìmẹ́ńtì dídán náà. Ìyá mi gbé bàsíà rẹ̀ jáde, bàsíà àtijọ́ yẹn náà, ó gbé e lé ojú oórì. Ó ní kò dára kí àgbà obìnrin máa tutù.

Àwọn ọmọ òkú wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bá bàsíà níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé eji ń pa yèyé alága nínú ilé tó sin ín sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Alága ni. Ó ti gbó díẹ̀. Ó wo bàsíà náà.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ulé yìí ń jò."

Mo ní, "Bàbá, kò sí ilé tí kì í jò díẹ̀díẹ̀."

Ó ní ìyá òun ni. Mo ní mo mọ̀. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ilé kánsù ni, kì í ṣe ilé bàbá ẹnìkan. Bí a bá kan páànù mọ́ ọn, kí la fẹ́ wí fún àdúgbò òkè? Ẹ lọ rí ọ̀gá. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò." Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu, ó sì dùn mọ́ mi ju oyin lọ, n kò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn.

Kò lọ rí ọ̀gá. Ní ọjọ́ kejì ni káfíńtà dé, òun àti àwọn tó ru páànù, alága tẹ̀ lé wọn, àwọn arábìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé òun náà kí ó má bàa yí ọkàn padà. Wọ́n sọ páànù náà sílẹ̀ níwájú ilé. Páànù gidi, tó nípọn, tí kò dípẹtà níbì kankan. Ọ̀dà pupa wà ní etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tíṣà tó jáde wá wòran wo páànù, ó wò mí, ó wo òkè.

Káfíńtà kan pálọ̀ tán kí oòrùn tó mú, òrùlé náà le, kò jò mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí ó dúró. Mo yíjú sí àwọn obìnrin náà, mo ní ṣebí òfin ìgbìmọ̀ ni pé ohun tí a bá ṣe sí ilé kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n alága kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé páànù mélòó ló kù nínú ilé kòkó. Alága ní òun kò mọ̀. Ó ní kí ó lọ mọ̀. Alága lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà la fi gbọ́ òòlù lórí òkè yẹn. Wọ́n kan ilé tíṣà, wọ́n kan ti wolé-wolé, wọ́n sì dé orí ilé tí a ti ń gbé tẹ́lẹ̀, tí akọ̀wé tuntun kan nílé ìgbẹ̀bí ti kó sí. Àga ni mo gbé jáde fún ìyá mi kí ó lè máa yá oòrùn. Ó jókòó, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo káfíńtà lórí igun tí yàrá rẹ̀ wà nígbà kan, ibi tó ti jókòó sùn ní gbogbo òjò ọdún yẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ibẹ̀ títí wọ́n fi kan ìṣó tó kẹ́yìn.

Ó ní, "Páànù kúkú wà."